Bàbá mi ò gbà kí oko kaṣú wọn di ọ̀gáníìkì. Ṣé ojo ni wọ́n ni?

Àṣàkẹ́Oníkaṣú (Ọjọ́ Ajé, 7:20 àárọ̀)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àárọ̀ o, ẹ sì kú iṣẹ́ oko. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín.

Bàbá mi ní éékà 9 kaṣú lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn igi náà ti lé ní ogún ọdún. Lóṣù tó kọjá, àwọn kan wá sí abúlé wa, wọ́n ní àwọn ń kó àgbẹ̀ jọ tí yóò máa ṣe kaṣú lọ́nà ọ̀gáníìkì: kò sí oògùn apakoríko, kò sí oògùn kòkòrò, kò sí ajílẹ̀ inú àpò. Wọ́n ní tó bá pé ọdún mẹ́ta, oko á gba ìwé ẹ̀rí, àwọn á sì máa ra kóró rẹ̀ ju iye tí ọjà ń rà á lọ.

Inú mi dùn gan-an. Èmi ni mo ka ìwé wọn, tí mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá lójú ewé lójú ewé. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní: "Àṣàkẹ́, ọdún mẹ́ta ni kí n fi máa wo ojú wọn?" Wọ́n mú àdá, wọ́n gba oko lọ. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n á ní kí n lọ wo ọbẹ̀ lórí iná.

Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ń sọ pé ẹ̀rù ló ń ba àwọn àgbà, pé wọn ò fẹ́ nǹkan tuntun. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Nígbà tí gbogbo ará àdúgbò wa ń gbin ẹ̀gẹ́, bàbá mi ló kọ́kọ́ gbin kaṣú, tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ṣe irú ìyẹn, ṣé ojo la ó pè é? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

---

OlùkọOko (Ọjọ́ Ajé, 9:05 àárọ̀)

Àbúrò mi Àṣàkẹ́, o ṣeun tó o béèrè kó o tó dá Bàbá lẹ́bi. Mo ṣe iṣẹ́ olùkọ́ àgbẹ̀ fún ọdún 27 kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi náà sì ti jẹ ẹ̀bi yẹn rí. Tí àgbẹ̀ bá kọ ohun tí mo gbé wá, màá kọ ọ́ sínú ìwé pé "kò tíì lóye." Ó pẹ́ kí n tó rí i pé èmi ni mi ò lóye.

Àgbẹ̀ kì í sá fún ewu. Ẹni tó ń sá fún ewu ò ní gbin àgbàdo nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ewu tó bá mọ ìdí rẹ̀ ló ń bá ṣe wọléwọ̀de. Èyí tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló mọ ìdí rẹ̀ ló ń yẹra fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwádìí kan fún yín. Ní 1980, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Hans Binswanger, tẹ iṣẹ́ kan jáde nípa àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko Íńdíà. Kò kàn bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n láyà. Owó gidi ló gbé kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó dájú á mú owó kékeré lọ sílé. Ẹni tó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ta owó ẹyọ sókè fún un, ó lè jẹ púpọ̀, ó sì lè jẹ díẹ̀. Nígbà tí owó náà kéré, àwọn kan ń ṣe bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tó pọ̀ débi pé ó ju owó oṣù lébìrà lọ, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kóra wọn sí àárín: wọn ò sá pátápátá, wọn ò sì kó gbogbo rẹ̀ lé e lórí. Olówó inú wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tálákà.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Ohun tó parí ọ̀rọ̀ sí ni pé kì í ṣe ọkàn ló ya àgbẹ̀ tó dáwọ́ lé nǹkan tuntun sọ́tọ̀ sí èyí tó jókòó. Owó tí ọ̀kan lè rí yá, ọjà tó lè rí tà sí, àti olùkọ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yà wọ́n. Nítorí náà, má bi Bàbá bóyá ẹ̀rù ń bà wọ́n. Bi wọ́n pé tí ohun náà bá bàjẹ́, ta ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀?

---

BàbáÈrúwà (Ọjọ́ Ajé, 11:48 àárọ̀)

Olùkọ́, ẹ wí ire. Èmi náà ń ṣe kaṣú, mo sì ti pé ọmọ ọdún 71. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn bàbá ọmọ yìí, torí mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó.

Mo ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Òndó nígbà tí ìjọba tú ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó ká ní 1986. Kó tó di ìgbà yẹn, iye tí wọn ó ra kòkó ti máa ń jáde kí kòkó tó pọ́n. Iye yẹn lè má dùn mọ́ wa, àmọ́ ó dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ẹni tó ní òṣùwọ̀n di oníbàárà. Ọdún kan á dùn bí oyin, èkejì á korò. Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé "a ó rà á ju iye ọjà lọ," ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé: iye ọjà ti ọjọ́ wo?

Ẹ rántí 2020. Oṣù kẹta ni, kaṣú ń já, àwọn ọmọ ń ṣa á. Íńdíà ti ara rẹ̀ mọ́lé nítorí kòrónà, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí kóró wa ń lọ. Àwọn alárọ̀ọ́bọ̀ tó máa ń bá ara wọn jà lẹ́nu ọ̀nà mi ò yọjú mọ́. Àpò 11 ló jókòó sínú yàrá mi títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wá kó o níkẹyìn, ìdajì owó ọdún tó ṣáájú ló kà sí mi lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Bí wọ́n bá rí i tó ń sá, kí wọ́n má pè é ní ojo.

Ọ̀rọ̀ koríko wá ńkọ́? Èmi nìkan, pẹ̀lú pọ́ǹpù lẹ́yìn, mo lè fín éékà kan kí oòrùn tó mú. Tó bá jẹ́ àdá àti ọkọ́, ọmọkùnrin mẹ́rin á lo ọjọ́ méjì níbẹ̀, wọ́n á jẹun, wọ́n á gba owó. Ẹni tí kò ṣe kaṣú rí lè rò pé igi ni, koríko ò lè ṣe é ní nǹkan. Kóró kaṣú, ilẹ̀ ló ń já sí! Tí abẹ́ igi ò bá mọ́, kóró á wọ inú koríko, àwọn tó ń ṣa á ò ní rí i. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, koríko yẹn kan náà ni iná á gbà wọlé. Ọyẹ́ ọdún kan, iná tí ẹnì kan fi ń lé òkété jó igi 40 mọ́ mi lọ́wọ́ ní ọ̀sán kan. Igi tí mo fi ọdún mẹ́jọ tọ́.

---

AdéLọ́ńdọ̀nù (Ọjọ́ Ajé, 3:15 ọ̀sán)

Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin bàbá mi. Níbi tí mo wà yìí, tí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń rí kaṣú lásán àti kaṣú ọ̀gáníìkì lórí pẹpẹ kan náà, ti ọ̀gáníìkì sì máa ń wọ́n jù. Àwọn èèyàn ń rà á. Ó máa ń dùn mí tí mo bá wo ẹ̀yìn ọ̀rá náà tí mi ò rí orúkọ Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ mo mọ bí kaṣú ṣe pọ̀ ní Ọ̀yọ́, Kwara àti Kogi. Owó ló wà níbẹ̀ yẹn. Kí ló dé tí a ò lè fara da ọdún mẹ́ta kúkúrú?

---

ÌyáÌbejìṢakí (Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́)

Ọmọ mi Adé, mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi sọ ọ́. Ọdún mẹ́ta ò kúrú fún gbogbo èèyàn.

Ilẹ̀ tí mo ń dá, ti ìdílé ọkọ mi ni. Ọkọ mi ló gbin kaṣú orí rẹ̀, ó sì ti di olóògbé láti ọdún kẹfà. Ọdọọdún ni àwọn ẹbí ń pàdé lórí ilẹ̀ náà. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí n ṣì máa ṣa á. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ lọ́dún yìí. Ṣé èmi ni kí n wá tọwọ́ bọ ìwé ọdún mẹ́ta? Tí mo bá fi àdá àti ọkọ́ tọ́jú oko náà dé ọdún kẹta, tí ìwé ẹ̀rí jáde, tí owó rẹ̀ wá gbéra, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n á rántí pé ilẹ̀ àwọn ni.

Ẹ sì wo àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Onílẹ̀ kì í gbà kí wọ́n gbin igi tó ń pẹ́ nílẹ̀, torí igi ni ẹ̀rí. Ẹ̀pà, àgbàdo, ẹ̀gúsí ni wọ́n lè gbìn, tí wọ́n á kó lọ. Tí ẹ bá ní kí irú wọn wá ṣe kaṣú ọ̀gáníìkì, kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá.

Ọ̀kan tún kù. Owó kaṣú tèmi, inú ilé ẹ̀kọ́ ló ń lọ. Kí gbogbo kóró tó já tán ni mo ti ń ta kóńgò kan, kóńgò méjì, fún ẹni tó bá dé pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Àwọn oníwèé yìí ní kí a kó gbogbo rẹ̀ jọ títí ọkọ̀ wọn á fi dé. Tí wọ́n bá lé ọmọ mi nílé ẹ̀kọ́, ṣé ìwé ẹ̀rí ni màá fi bẹ̀ wọ́n?

---

AdéLọ́ńdọ̀nù (Ọjọ́ Ajé, 9:22 alẹ́)

Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ forí jì mí. Mi ò ro ti ilẹ̀ rárá.

---

ỌmọṢábẹ̀ẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀)

Mo kí gbogbo yín láti Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Kaṣú ni gbogbo apá ibi tí a wà, àwọn kan lára wa sì wà nínú ọ̀gáníìkì. Mo fẹ́ sọ ohun tó dára àti ohun tó le.

Lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n tó ṣí ọjà kaṣú lọ́dọọdún, ìjọba máa ń kéde iye tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rà á kéré sí. Wọn kì í tẹ̀ lé e níbi gbogbo, àmọ́ àgbẹ̀ ní ohun tó lè tọ́ka sí. Ìyẹn nìkan ń mú kí ọkàn ẹni balẹ̀ díẹ̀ láti dáwọ́ lé nǹkan. Àmọ́ ìjọba yẹn kan náà ló ní láti oṣù kẹrin 2024, a ò gbọ́dọ̀ kó kóró tí wọn ò tíì fọ́ jáde kúrò nílùú mọ́, kí àwọn ilé iṣẹ́ ilé lè máa fọ́ ọ. Ó lè ṣe ìlú láǹfààní lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n lójú àgbẹ̀, òfin lè yí ní ọ̀sán kan, igi tó ti gbìn ò sì lè rìn. Ìyẹn náà wà nínú ohun tí àwọn àgbà ń rò.

Ewu tó ń bà mí lẹ́rù jù ni òwú. Ẹni tó bá ọ mu ààlà lè máa gbin òwú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbin òwú níbí ló ń fín oògùn léraléra. Atẹ́gùn á gbé e wá sórí kaṣú rẹ. Ìwọ ò fín nǹkan kan, àmọ́ tí wọ́n bá yẹ kóró rẹ wò tí wọ́n bá oògùn nínú rẹ̀, ìwọ ni wọ́n á bi. A fi ìlà igi kan tó gbòòrò sílẹ̀ láàárín wa, ohun tó bá so lórí ìlà yẹn, a máa ń tà á lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bíi kaṣú lásán. Oko kì í jẹ́ ti bàbá ti ọmọ kó má ní ààlà.

Ní ti kòkòrò, ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín jù. Ẹ mọ eèrà pupa tó máa ń fi okùn funfun rán ewé pọ̀ ṣe ilé lórí igi? Àwọn onímọ̀ ti dán an wò ní ìhà Parakou, wọ́n rí i pé igi tí eèrà yẹn bá pọ̀ lórí rẹ̀, àwọn kòkòrò tó ń fa omi òdòdó àti ọ̀mùnú kaṣú kì í ráyè níbẹ̀. Wọ́n máa ń géni jẹ o! Ọmọ tó bá gun igi ọ̀hún á mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ ilẹ̀ la ti ń ṣa kóró, a kì í gùn ún ká a.

---

Alájẹṣẹ́kùÌsẹ́yìn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán)

Mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ni mo fẹ́ sọ, kí ẹlòmíràn má bàa kó sí i.

A dá ara wa jọ, àwa 34, a bá oníbàárà kan ṣe àdéhùn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Gbogbo wa pa òfin mọ́ lóko, mo lè búra sí ìyẹn. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó ń ṣí àpò wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí àpò kan, ó yí i padà, ó fi ìka fa ara rẹ̀, ó sì gbé ìka náà sókè fún wa wò. Nǹkan funfun bí iyọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Àpò ajílẹ̀ ni! Ọ̀kan nínú wa ti fọ̀ ọ́, ó sá a gbẹ, ó da kaṣú sí i, torí àpò tuntun wọ́n. Kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ẹrù gbogbo wa ti para pọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, àwọn ò lè mọ èyí tí ó ti kàn án. Iye kaṣú lásán ni wọ́n fi ra gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó ni àpò náà ò wá sí ìpàdé fún oṣù mẹ́ta. Ìtìjú. Kì í ṣe olè, kì í ṣe aláìgbọràn, ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé àpò náà wà nínú òfin.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń ka ewu, ẹ ka ti ẹgbẹ́ mọ́ ọn. Òfin Yúróòpù tuntun lórí ọ̀gáníìkì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2022 ní kí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké jẹ́ èyí tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kó má ju ọmọ ẹgbẹ́ 2,000 lọ, kó sì máa ṣọ́ ara rẹ̀. Àwọn tó ń fúnni níwèé á tún padà wá yẹ ó kéré tán 5 nínú 100 ọmọ ẹgbẹ́ wò lọ́dọọdún, wọ́n á sì mú àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ 2 nínú 100. Ẹgbẹ́ ló ń mú kí owó ìwé náà fúyẹ́ fún àgbẹ̀ kékeré. Ẹgbẹ́ yẹn kan náà ló lè mú kí àṣìṣe ẹnì kan di ti gbogbo wa. Ẹ ò rí ẹ̀wà wa? Láti 2015 ni Yúróòpù ti dá ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà dúró nítorí oògùn kòkòrò kan, dichlorvos, tí wọ́n ń bá lára rẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò fi oògùn kankan sí tirẹ̀ rí wà nínú ìyà náà.

---

TúnjíỌmọOko (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:02 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló dé tí Bàbá ò kàn mú éékà méjì dán an wò, kí wọ́n fi méje tó kù ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é? Bí a ṣe ń dán irúgbìn tuntun wò nìyẹn, ẹ̀bá oko la máa ń kọ́kọ́ gbìn ín sí.

---

OlùkọOko (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:30 ìrọ̀lẹ́)

Túnjí, ọgbọ́n àgbẹ̀ gidi nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀gáníìkì ti le ju irúgbìn tuntun lọ. Tí irú igi kan náà bá wà ní apá méjì, apá kan ọ̀gáníìkì, apá kejì lásán, kò sí ẹni tó lè fi ojú yà kóró wọn sọ́tọ̀. Nítorí èyí, òfin Yúróòpù gbà kí ó bẹ̀rẹ̀ lápá kan, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ètò lọ́wọ́ pé èyí tó kù á tẹ̀ lé e, láàárín ọdún 5 ó pẹ́ tán gbogbo igi náà gbọ́dọ̀ ti wọlé. Ní àkókò náà, kó máa kéde kó tó ṣa ti apá kọ̀ọ̀kan, kó sì tọ́jú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ṣeé dán wò, àmọ́ ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ ò kàn lè sọ pé èyí tó kù di ìgbà tó bá wu òun.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká ṣírò o. Àpò ni màá fi ṣe é, torí náírà kì í dúró sójú kan.

Ká ní oko kan ń mú àpò 10 wá lọ́dún. Ká ní nítorí koríko àti kòkòrò, ó bọ́ sí 8. Fún ọdún mẹ́ta tí kò tíì níwèé, tó ń ta á ní iye ọjà, àpò 2 ń lọ lọ́dún, àpò 6 lápapọ̀. Owó lébìrà ò tíì sí nínú rẹ̀ o. Ká wá ní ọdún kẹrin dé, oko padà sí àpò 10, àlékún owó sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Èrè rẹ̀ jẹ́ iye àpò kan lọ́dún. Ọdún mẹ́fà ni yóò fi rí àpò 6 rẹ̀ gbà padà. Mẹ́ta àti mẹ́fà, mẹ́sàn-án. Tí oko náà bá sì dúró sí àpò 8, àlékún ìdá kan nínú mẹ́wàá ò lè gbé e dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ láé. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa gbé e débẹ̀ gééré, láìjèrè kọ́bọ̀.

Àṣàkẹ́, ọmọ ọdún mélòó ni Bàbá?

---

Àṣàkẹ́Oníkaṣú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:11 ìrọ̀lẹ́)

Wọ́n pé 68 lọ́dún yìí, sà. Mo ti ka ìṣirò yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò mọ̀ pé irú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nínú ọkàn wọn.

---

BàbáÈrúwà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:00 alẹ́)

Olùkọ́, ìṣirò yín tọ́, àmọ́ ìdí rẹ̀ ló yẹ ká wò. Ẹ ní "ká ní ó bọ́ sí 8." Ta ló sọ pé ó gbọ́dọ̀ bọ́? Kí ni a ń fún kaṣú tẹ́lẹ̀? Ọ̀pọ̀ wa ò fi ajílẹ̀ kankan sí i rí, a ò fín oògùn sí orí rẹ̀ rí. Kòkòrò oníwo gígùn tó máa ń gé ẹ̀ka yípo bí ẹni fi ayùn gé e, kí ni a ń ṣe sí i? A ń ṣa ẹ̀ka tó bá já, a ń dáná sun ún, torí inú ẹ̀ka yẹn ló yé ẹyin rẹ̀ sí. Ìyẹn kì í ṣe kẹ́míkà, ohun tí àwọn ará Ìdí-Ayunrẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí kòkó àti kaṣú, ń sọ fún wa náà ni.

Apakoríko nìkan ni kẹ́míkà tó wà nínú ọ̀pọ̀ oko kaṣú wa, òun náà ò sì dúró sójú kan. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin de apakoríko tí wọ́n ń pè ní paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024. Ẹni tó ní òun ò ní kúrò níbi tí òun wà, ibi tó wà ń kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ ni pé oko ò jọ oko. Ẹni tó ń fín ní gbogbo ìgbà, ìṣirò Olùkọ́ ni tirẹ̀. Ẹni tí apá kan oko rẹ̀ ò mọ kẹ́míkà rí, ìṣirò mìíràn ni tirẹ̀.

---

OlùkọOko (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:41 alẹ́)

Bàbá, ẹ gba ìbọ̀wọ̀ mi. Òfin náà fún irú oko bẹ́ẹ̀ láyè. Tí ẹ̀rí bá wà pé kò sí kẹ́míkà lórí ilẹ̀ náà fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, wọ́n lè ka ọdún tó ti kọjá mọ́ ọn, kó má bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ̀rí ni wàhálà ibẹ̀, torí a kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Àṣàkẹ́, lọ rìn nínú oko pẹ̀lú Bàbá. Má mú ìwé àwọn èèyàn yẹn dání.

---

Àṣàkẹ́Oníkaṣú (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:30 alẹ́)

Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé.

Mo tẹ̀ lé Bàbá lọ sí oko láàárọ̀ Ọjọ́rú, mi ò dárúkọ ọ̀gáníìkì. Nígbà tí a dé etí odò, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kì í gbé pọ́ǹpù sọdá. Wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Níbo ni ìyá rẹ ti ń já ẹ̀bọ̀lọ̀ tó ń sè fún mi?" Láti ìgbà tí wọ́n ti gbin ibẹ̀, àdá nìkan ni wọ́n ń lò ní òdìkejì odò, kí oògùn má bàa kan ẹ̀fọ́ Màmá. Éékà 4! Mo dúró síbẹ̀, ojú ń tì mí. Mo ti jẹ ẹ̀bọ̀lọ̀ yẹn láti kékeré.

Ìgbà yẹn ni mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè Olùkọ́: tó bá bàjẹ́, ta ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀? Bàbá jókòó sórí gbòǹgbò kan, ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu wọn. Wọ́n ní àwọn ò bínú sí iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ẹ̀bìtì tí kò bá pa eku, ṣe ló yẹ kó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn: bí àwọn yẹn ò bá rà á, kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ọ̀nà ta á fún ẹlòmíràn. Inú ìwé tí wọ́n mú wá, èmi tí mo kà á ni mi ò rí i, ó wà níbẹ̀ pé àgbẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tà fún ẹnikẹ́ni mìíràn. Kò sí ibì kankan tó sọ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ dé wá kó o.

A kọ ohun tí Bàbá fẹ́ sílẹ̀. Kí àwọn ló ra àpò tuntun. Kí àwọn ló san owó àyẹ̀wò títí ìwé á fi jáde. Tí ọjọ́ 14 bá kọjá lẹ́yìn tí a ti kéde pé kóró ti gbẹ, tí wọn ò dé, kí Bàbá lè tà á níbi tó bá wù wọ́n. Kí wọ́n sì san ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ṣíṣa bá bẹ̀rẹ̀, torí Màmá náà ní ohun tó ń fi owó kaṣú ṣe, bíi ti ÌyáÌbejì. Éékà 4 òdìkejì odò ló máa kọ́kọ́ wọlé. Ní ti éékà 5 tó kù, Bàbá ní tí ẹ̀rùn méjì bá kọjá tí àwọn yẹn ò já òun kulẹ̀, òun á gbé pọ́ǹpù tà.

Mo pe àwọn èèyàn náà lánàá. Wọ́n gba ti àpò àti ti àyẹ̀wò lójú ẹsẹ̀. Ti ọjọ́ 14, wọ́n fẹ́ kó jẹ́ 21, Bàbá sì kọ̀. Ti owó àsansílẹ̀, wọ́n ní àwọn á fún wa lésì. Bàbá ò tíì tọwọ́ bọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, kí n tó jí, wọ́n ti sọdá odò. Mo bá wọn níbẹ̀ tí wọ́n ń ka igi, tí wọ́n ń fi ẹfun sàmì sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n na ìwé ìkọ̀wé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sí mi, wọ́n ní kí n kọ ọ́: igi 163, àdá nìkan.